Akáǹtáǹtì tó ń rò ó láti wọ iṣẹ́ orin: báwo ni kí n ṣe lo ọjọ́ mẹ́ta níbi ìpàtẹ okòwò?

Oníṣirò:

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Ọdún 11 ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ akáǹtáǹtì, mi ò sì lè sọ pé iṣẹ́ náà ṣe mí níbi, nítorí òun ni mo fi ń bọ́ ìdílé mi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni orin ti wà lára mi. Mo máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ máa ń gba orin sílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá mo lè fi iṣẹ́ tó jẹ mọ́ orin wá oúnjẹ òòjọ́. Mi ò sọ pé mo fẹ́ di olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Iṣẹ́ tí yóò mú mi wà nítòsí ibi tí orin ti ń jáde ni mò ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ohun-èlò orin ti ní kí n bá òun lọ síbi ìpàtẹ okòwò ohun-èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM, èyí tó máa ń wáyé ní Anaheim ní ìpínlẹ̀ California, lóṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni kàn lè yà wọ̀ láti òpópónà. Àwọn tó ń ṣòwò náà ni wọ́n ń ṣí i fún, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ni yóò sì mú mi wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lè gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè mi nìyí: kí ni ẹni tí kò tíì mọ ibi tí òun ń lọ gan-an lè ṣe níbẹ̀ tí yóò fi padà sílé pẹ̀lú ìdáhùn, tí kò ní jẹ́ àpò tó kún fún ìwé ìpolówó nìkan ni yóò gbé bọ̀? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mo bá débẹ̀, ojú mi yóò kàn máa ràn yàà, n ó sì ka ìdùnnú ọjọ́ mẹ́ta sí àmì pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìsọ̀:

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọdún 9 gbáko ni mo fi dúró sí ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ̀yìn káńtà ni mo ti mọ ìpàtẹ, n kò mọ̀ ọ́n láti iwájú. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ìpàtẹ kì í ṣe ojúmọ́ iṣẹ́ wa. Ọjọ́ ọdún wa ni. Iná tí ẹ óò rí, aṣọ tó bára mu, ohun-èlò tí wọ́n ti nù títí tó fi ń dán gbinrin, ẹ̀rín tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn tó ń tajà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni a fi ń múra wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe rí, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí gbogbo wa ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹ ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ìpàtẹ, láti àárọ̀ títí ẹ fi lọ sílé?" Ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí èèyàn rí ẹ̀rín sá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi í nígbà náà, n ó sọ pé mo jókòó sídìí tẹlifóònù pẹ̀lú alágbàtà kan tí ẹrù rẹ̀ há sí èbúté, lẹ́yìn náà mo ka páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí nítorí pé iye tó wà nínú ìwé kò bá èyí tó wà nílẹ̀ mu, ilẹ̀ sì ṣú láìjẹ́ pé ìka mi kan kíbọ́ọ̀dù kankan.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti àárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ ti àwọn oníbàárà ńlá tí a ti bá dá wákàtí ṣáájú. Bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ wa ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ láti wá gba ìmọ̀ràn nípa ọjọ́ ọ̀la yín, a óò dá yín lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn yín ni ojú wa yóò wà, níbi tí ẹni tó fẹ́ ra irinwó kíbọ́ọ̀dù ti ń bọ̀. Ẹ fi ọjọ́ àkọ́kọ́ rìn kiri kí ẹ sì máa wòran. Bí ojú bá máa ràn, kí ó ràn lọ́jọ́ náà kó tán. Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn ni òótọ́ máa ń jáde. Ó ti rẹ̀ wá nígbà náà, ẹsẹ̀ ti wú, ohùn ti há, àwọn ọ̀gá sì ti ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ bi wá ní ọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, a máa ń sọ fún un ohun tí a kò jẹ́ sọ lójú ọ̀gá wa.

Ẹ tún máa béèrè bóyá ẹni tó ṣe ohun-èlò náà wà nítòsí. Ẹni tó dúró níwájú ń tajà ni. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ tàbí tó kọ ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa ń fara pa mọ́ sí, inú rẹ̀ sì máa ń dùn pé ẹnì kan béèrè òun.

Alátùn-únṣe Gìtá:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Ìsọ̀ sọ, mo sì fẹ́ fi tèmi lé e. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi sílẹ̀ ní ẹni ọdún 41 kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gìtá ṣe, ìpàtẹ sì wà lára ohun tó là mí lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí bí mo ṣe rò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ibi tí wọ́n fi gìtá kọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀ ni mo ti lo ọ̀pọ̀ àkókò mi. Ìgbà kejì ni mo tó yà sí àwọn ìsọ̀ kéékèèké tó fara ti ògiri, níbi tí wọ́n ti ń ta wáyà tí a ń kàn mọ́ ọrùn gìtá, gọ́ọ̀mù, ayùn wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ àti egungun tí okùn gìtá ń gbára lé. Kì í sí èrò níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ ṣọ́ọ̀bù tí iṣẹ́ pọ̀ sí tí kò lọ́wọ́ tó tó, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń ra ohun-èlò lọ́wọ́ wọn lemọ́lemọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ orúkọ ẹni tó wá di ọ̀gá mi.

Nítorí pé akáǹtáǹtì ni yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó kàn yín. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, àdéhùn àgbáyé CITES, tó ń ṣọ́ òwò ewéko àti ẹranko tó lè parun, fi gbogbo ìdílé igi Dalbergia sábẹ́ òfin, ìyẹn ìdílé tí igi rosewood ti wá, igi tí ọ̀pọ̀ gìtá sì ń lò fún pátákó ojú ọrùn wọn. Láti ìgbà náà títí di oṣù Bélú 2019, tí wọ́n yọ ohun-èlò orin tí a ti ṣe parí kúrò nínú òfin ọ̀hún (yàtọ̀ sí irú igi kan láti Brazil tí òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ti de mọ́lẹ̀ láti 1992), gìtá tí a bá fẹ́ tà sí òkè òkun lè dúró sí ẹnubodè nítorí igi pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ìwé ló máa ń dá a dúró. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà kò ní ẹni tó mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ í kọ, ọ̀kan nínú àwa tó ń gbẹ́ igi ló fi ayùn sílẹ̀ tó lọ ń kọ fọ́ọ̀mù fún ohun tó lé ní ọdún kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé í tò, a sì pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀. Torí náà, ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ ju ohun tí ẹ mọ̀ sígbó kí ẹ tó wọ inú iṣẹ́ yìí.

Olóhùn Gbagede:

Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn, etí ni. Ẹ óò wọ gbọ̀ngàn tí èèyàn púpọ̀ ti ń dán ìlù, gìtá àti fèrè wò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ti ẹnì kejì rẹ̀. NIOSH, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn pé kí ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 má ṣe wọ etí òṣìṣẹ́ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti pé bí ó bá ti fi 3 lé sí i, kí a gé àkókò náà sí méjì. Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí kan, nígbà tí ó bá sì fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ẹ mú ohun tí a fi ń dí etí lọ́wọ́, kí ẹ sì máa jáde síta lóòrèkóòrè. Mo ń sọ èyí nítorí ìlera, àmọ́ mo tún ń sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí etí rẹ̀ ti rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un mọ́. Á kàn máa mi orí ni.

Bí ẹ bá sì ń ro irú iṣẹ́ tèmi, ìyẹn gbígbé ẹ̀rọ ohùn kalẹ̀ níbi eré, ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń tú ìsọ̀ ká lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ẹ wo àwọn tó ń ká wáyà. Iṣẹ́ wa nìyẹn, tí ó bá ti di aago kan òru.

Arìnrìn-Padà:

Ẹ má bínú, èmi ni n ó sọ èyí tí kò dùn. Mo ti ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò yìí rí. Ilé-ìfowópamọ́ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, mo lọ síbi ìpàtẹ kan, mo bá àwọn kan tó ń pín ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, kí oṣù kẹta tó pé mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù 15 ni mo lò lọ́dọ̀ wọn kí n tó padà sídìí iṣẹ́ mi àtijọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè. Mo béèrè gbogbo nǹkan nípa ẹ̀rọ, mi ò béèrè pé ṣé owó oṣù tó dúró ni àbí ìpín lórí ohun tí mo bá tà. Mi ò béèrè iye òru tí n ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nínú oṣù kan. Mi ò sì rántí pé ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ń ṣe fàájì ni àwọn tó wà nídìí orin ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá délé lálẹ́, mi ò fẹ́ gbọ́ orin kankan mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: ṣé iṣẹ́ ìṣirò ló sú yín ni, àbí ọ́fíìsì tí ẹ ti ń ṣe é? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, oògùn wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Oníṣirò:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Arìnrìn-Padà ta mí díẹ̀, mo sì fi odindi ọjọ́ kan rò ó. Ní òótọ́, ìṣirò kò sú mi. Bí mo bá rí ìwé owó tí apá méjèèjì rẹ̀ kò bára mu, mi ò kì í lè sùn títí n ó fi rí ibi tó ti yà, inú mi a sì dùn nígbà tí mo bá rí i. Ohun tó sú mi ni pé ohun tí mò ń ṣírò kò já mọ́ nǹkan kan lọ́kàn mi: símẹ́ńtì lónìí, owó ìbánigbófò lọ́la. Ǹjẹ́ ibì kan wà nínú òwò orin tí wọ́n ti ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í ṣe pé n ó kàn di akáǹtáǹtì tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìlù?

Olùtọ́jú Ẹ̀tọ́:

Ìbéèrè yìí gan-an ló mú mi wọlé. Ó ti di ọdún 14 tí mo ti wà nídìí owó ẹ̀tọ́ orin, mo sì lè fi dá yín lójú pé nínú iṣẹ́ wa, àwọn tó mọ orin kì í wọ́n wa. Àwọn tí kò lè sùn nítorí ìwé owó tí kò bára mu ló wọ́n wa.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Orin kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́ lórí rédíò, nǹkan méjì ni lójú òfin. Èkíní ni orin tí ẹnì kan ṣẹ̀dá, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó ni èkíní lè má ní ìpín kankan nínú èkejì, ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń gbé ohùn sórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ṣùgbọ́n òfin kò fi dandan lé e pé kí ó san ohunkóhun fún akọrin tí ohùn rẹ̀ ń jáde nínú àwo. Bí orin kan náà bá gba orí rédíò ayélujára, ọ̀rọ̀ yí padà: àjọ SoundExchange ni yóò gba owó ohùn tí a gbà sílẹ̀, yóò sì pín in, ìdá 50 nínú 100 fún ẹni tó ni àwo, 45 fún akọrin tí orúkọ rẹ̀ wà lójú rẹ̀, 5 fún àwọn tó gbè é àti àwọn tó lu ohun-èlò. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo orin kan tí èèyàn mẹ́rin jọ ṣẹ̀dá, tí wọ́n ń gbọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà sì ti ta ìpín tirẹ̀.

Níbi tí owó ti ń sọnù gan-an, orúkọ ni. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Music Modernization Act ti 2018 gbé àjọ The MLC kalẹ̀ láti máa gba owó àwọn tó ṣẹ̀dá orin lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin sórí ayélujára, tí àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 424 dọ́là ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kó lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí owó tó ti ṣẹ́jọ tí wọn kò mọ ẹni tó ni í. Kì í ṣe pé àwọn tó ni owó kò sí láyé. Ẹnì kan ti kọ orúkọ wọn ṣìṣe, tàbí kò so nọ́ńbà ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí a fi ń dá ohùn tí a gbà sílẹ̀ mọ̀, pọ̀ mọ́ orin tó yẹ, tàbí àwọn tó jọ kọ orin kò fẹnu kò lórí ìpín wọn. Ẹni tó ń tú irú okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá.

N kò ní tan yín jẹ: ìpàtẹ NAMM kọ́ ni ojúkò iṣẹ́ tiwa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta dùùrù ni NAMM nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1901, ohun-èlò sì ni ọkàn rẹ̀ títí dòní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣòwò ẹ̀tọ́ orin fi ń pàdé ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé níbi ìpàtẹ MIDEM láti 1967, kí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ tó kéde ní 2021 pé àwọn kò ṣe é mọ́; àwọn tó ń wá olórin fún ayẹyẹ ló ń pọ̀ ní WOMEX, ìpàtẹ orin àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Àwọn ìpàtẹ yìí fúnra wọn kì í sì í dúró sójú kan: Musikmesse, ìpàtẹ ohun-èlò orin ti Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, tó ti wà láti 1980, ní 2022 ni àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kéde pé ó ti parí. Síbẹ̀, ẹ lọ sí Anaheim, nítorí pé àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òwò orin ní àwọn yàrá ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tó ní ohun kan ṣe pẹ̀lú owó ẹ̀tọ́, ẹ bi í pé ìgbà mélòó lọ́dún ni wọ́n ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, ètò kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n ń lò, ta ló sì ń tún un ṣe nígbà tí orúkọ bá ta ko ara wọn. Bí ó bá rẹ́rìn-ín kí ó tó dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn, ẹ jókòó tì í.

Oníṣirò:

Mi ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ báyìí wà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ló kù: báàjì mi yóò gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n bá bi mí pé irú ọjà wo ni mò ń wá, kí ni kí n sọ? Mi ò fẹ́ kí ìròyìn sì dé etí ọ̀gá mi kí n tó pinnu ohunkóhun.

Ìyá Ìsọ̀:

Ẹ má ṣe ṣe bí oníbàárà. A máa ń mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, orúkọ ọ̀rẹ́ yín ni yóò sì bà jẹ́, ẹ̀yin kọ́. Ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú pé ọ̀rẹ́ oní-ṣọ́ọ̀bù ni yín, pé iṣẹ́ ìṣirò ni ẹ̀ ń ṣe, pé ẹ fẹ́ mọ bí apá tiwọn nínú òwò yìí ṣe ń rìn, kí ẹ sì béèrè bóyá àkókò yìí wọ̀ wọ́n tàbí kí ẹ padà wá. Kò sí ìdí tí ẹ óò fi dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ ìsọ̀ kan láìdáa ní ìsọ̀ kejì, nítorí pé àwọn abánidíje níbẹ̀ jọ ń jẹun alẹ́ ni. Níbi ìpàtẹ yìí kan náà, ní 1983, ni wọ́n ti so kíbọ́ọ̀dù Prophet-600 ti ilé-iṣẹ́ Sequential mọ́ Jupiter-6 ti ilé-iṣẹ́ Roland, tí ọ̀kan sì ń mú èkejì dún. Ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn du oníbàárà ni wọ́n, ohun tí wọ́n fi hàn lọ́jọ́ náà sì ni MIDI, ìlànà tí ohun-èlò orin oníná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí kíbọ́ọ̀dù yín nílé ń lò títí dòní. Àwọn tí ẹ rò pé ọ̀tá ni wọ́n, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà fóònù ara wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní káàdì, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo wa ni iṣẹ́ máa ń bò mọ́lẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ kẹwàá dára.

Arìnrìn-Padà:

Kí ẹ sì ṣírò iye tí ilé yín ń ná fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó lọ, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí ẹ óò mú dání. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ojú bá ti fẹ́ máa ràn.

Oníṣirò:

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ, mo ti dé, mo sì jẹ yín ní ìròyìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe bẹ̀rù: mo lo wákàtí méjì ààbọ̀ nídìí kíbọ́ọ̀dù kan tí mi ò ní í rà láé. Ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò wúlò rárá, ìpolówó lásán ni. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo fi béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ èèyàn 11. Obìnrin kan tó ń ta awọ ìlù sọ pé láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni òun fi pe àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Ẹnjiníà kan sọ pé òun fi odindi ọjọ́ wá ariwo kan tó máa ń dún fínní nínú ẹ̀rọ, tí òun kò sì rí i. Ọkùnrin kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún owó ẹ̀tọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó dáhùn, bí Olùtọ́jú Ẹ̀tọ́ ṣe sọ: ó ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ní ọ̀nà mẹ́rin ni òun fi ọjọ́ náà tò. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yán. Ní tèmi, ìlara ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọkùnrin yẹn ló ń ṣe mí. Nínú àwọn 11, tirẹ̀ nìkan ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà márùn-ún lọ́jọ́ kẹwàá, méjì dáhùn. Ọkùnrin náà so mí pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tọ́jú ẹ̀tọ́ orin bíi 600, tí ìwé wọn dàrú. Mi ò tíì fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. A ti jọ fọwọ́ sí i pé n ó máa tún ìwé náà tò ní òpin ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lówó tí kò pọ̀, lẹ́yìn náà kí oníkálukú sọ ohun tó rí. Mo ti wo inú ìwé òṣìṣẹ́ mi, kò sí ohun tó ta ko irú iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀. Orin kẹtàdínlógún tí mo dé orí rẹ̀, àwọn mẹ́ta ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ìpín wọn nínú ìwé jẹ́ 50, 35 àti 25. Mi ò sùn. Ta ni kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí?

Olùtọ́jú Ẹ̀tọ́:

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ bi wọ́n ní ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n kọ orin náà, kí ẹ má sì dárúkọ iye tí ẹ̀yin rò pé ó tọ́. Kí ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n dá owó orin ọ̀hún dúró títí ìdáhùn yóò fi dé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo àwọn orin mìíràn tí àwọn mẹ́ta yìí jọ ṣe, nítorí pé mi ò rí ibi tí 110 ti dá wà nínú ìwé kan ṣoṣo rí.